"Gbà": ọ̀rọ̀ kan láàárín òbí, ọmọ àti káńsù

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ kékeré kan ti ń yí lọ́kàn mi: "gbà". Bí òṣìṣẹ́ káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó ń rí sí ààbò ọmọdé, bá jókòó síwájú òbí Yorùbá kan ní Ìlú Ọba, tó bi í pé ṣé ó fara mọ́ ọn kí ọmọ rẹ̀ lọ máa sùn lọ́dọ̀ alágbàtọ́, tí òbí náà sì dáhùn pé "mo gbà", kí ló sọ gan-an? Ó lè jẹ́ pé ó fara mọ́ ọn lóòótọ́. Ó lè jẹ́ pé ó ń jẹ́wọ́ pé òun ṣẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ohun tí àgbàlagbà ń sọ nígbà tí agbára rẹ̀ bá pin: ẹ ti sọ tiyín, mo ti gbọ́, kí ni n ó ṣe? Ògbufọ̀ tó wà níjókòó á mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni wọn á sì kọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan náà la tún fi ń sọ apá méjèèjì ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ikú. Láàárín àwa tó wà lókè òkun, bí ọ̀rọ̀ "àwọn sóṣíà", àwọn òṣìṣẹ́ káńsù yìí, bá ti délẹ̀, kálukú máa ń di ọ̀kan mú, kì í fẹ́ gbọ́ èkejì. Lójú tèmi, kò sí ìdí tó fi yẹ ká yan ọ̀kan. Ohun tí mo rí nínú òfin àti ìdájọ́ ni pé níbi tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rù gba ìfọwọ́sí lẹ́nu òbí, ọmọ gan-an ló kọ́kọ́ ń pàdánù.

## Ìwé tí wọ́n gbé síwájú wọn ní Hackney

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ dúró lé lórí wà nínú ìwé ìdájọ́ tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ní oṣù Keje ọdún 2007, ní Hackney ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n mú ọmọ kan pé ó jí nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ọlọ́pàá ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó ní bàbá òun fi bẹ́líìtì na òun. Ọlọ́pàá lọ sílé wọn. Ọmọ mẹ́jọ ni tọkọtaya náà bí, ọmọ ọwọ́ wà nínú wọn, ilé náà sì rí wúruwùru débi tí àwọn ọlọ́pàá fi sọ pé ewu ni fún ọmọdé. Wọ́n lo agbára tí abala 46 Òfin Ọmọdé ọdún 1989 gbé lé wọn lọ́wọ́, wọ́n kó ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ.

Agbára yẹn kì í ju wákàtí 72 lọ. Ọlọ́pàá ò nílò adájọ́ kí wọ́n tó lò ó, ìdí nìyẹn tí òfin fi gé e kúrú. Bí wákàtí 72 bá pé, àfi kí káńsù ti gba àṣẹ kóòtù, tàbí kí òbí ti fi ọmọ lé wọn lọ́wọ́. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ọmọ ń padà sílé nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, káńsù gbé ìwé àdéhùn kan síwájú tọkọtaya náà pé kí àwọn ọmọ ṣì wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ ná. Wọ́n buwọ́ lù ú. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé òfin fún wọn láyè láti takò ó, tàbí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá buwọ́ lù ú tán pàápàá, wọ́n lè dìde nígbàkigbà pé àwọn fẹ́ kó ọmọ àwọn. Ó tó nǹkan bí oṣù méjì kí àwọn ọmọ náà tó padà sílé.

Ìṣẹ́jú tí wọ́n fi buwọ́ lu ìwé yẹn ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ọlọ́pàá ti mú wọn, ó ti fi wọ́n sílẹ̀ lórí béèlì pé wọn ò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, ilé dá wáí. Ta ló máa rántí bèèrè ní irú àkókò yẹn pé abala wo nínú òfin ni ẹ fi ń bá mi sọ̀rọ̀? Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í bèèrè orúkọ igi tí wọ́n nà sí i.

Ẹjọ́ náà pẹ́ nílẹ̀. Ní 2015, Kóòtù Gíga ní kí káńsù san £10,000 fún bàbá àti £10,000 fún ìyá. Ní 2017, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn yí i padà. Ní oṣù Keje ọdún 2018, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìbuwọ́lùwé yẹn, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé àwọn òbí pàdánù. Lady Hale, adájọ́ tó kọ ìdájọ́ náà, tọ́ka sí ohun kan tí ọ̀pọ̀ lọ́yà pàápàá ti gbójú fò: kò síbì kankan tí abala 20 Òfin Ọmọdé, èyí tí káńsù fi ń gba ọmọ sọ́dọ̀ láìlọ sí kóòtù, ti sọ pé kí òbí "gbà". Ohun tó sọ ni pé káńsù ò lè mú ọmọ sọ́dọ̀ bí òbí tó ṣe tán, tó sì lágbára láti tọ́ ọ tàbí láti wá ibùgbé fún un, bá takò ó. Bí òbí bá fẹ́ fi ọmọ lé káńsù lọ́wọ́, ìyẹn gbọ́dọ̀ ti ọkàn rẹ̀ wá ní tòótọ́, láìsí ìhàlẹ̀ àti ẹ̀tàn. Àmọ́ bí òbí kò bá takò, tí kò sì sọ pé kí wọ́n dá ọmọ padà fún òun, káńsù lè dúró sí àlàfo náà, kò sì rú òfin.

Ibẹ̀ ni àwọn òbí Hackney ti pàdánù. Wọ́n ní lọ́yà, lọ́yà náà kọ lẹ́tà láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì, àmọ́ kóòtù ní lẹ́tà náà kò sọ ọ́ ní ṣàkó pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú wọn ò dùn, gbogbo èèyàn ló mọ̀, ṣùgbọ́n inú tí kò dùn kọ́ ni àtakò lábẹ́ òfin. Lójú mi, kóòtù ka òfin náà bó ṣe wà. Òfin náà gan-an ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rẹlẹ̀ jù. Àìtakò ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí kò mọ̀ pé òun lè takò, kò yẹ kó tó ohun tí a ó fi mú ọmọ mẹ́jọ kúrò nílé fún oṣù méjì.

## Ohun tí ọmọ ń pàdánù níbi tí kò ti sí adájọ́

Ọ̀nà mẹ́rin ni ọmọ sábà máa ń gbà kúrò nílé. Ti ọlọ́pàá ni mo ti sọ yẹn. Èkejì ni àṣẹ pàjáwìrì láti kóòtù lábẹ́ abala 44: ọjọ́ mẹ́jọ, tí adájọ́ lè fi ọjọ́ méje kún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta ni àṣẹ onígbà díẹ̀ lábẹ́ abala 38, nígbà tí káńsù bá ti pe ẹjọ́ gangan, tó sì ní ẹ̀rí tó mú kí adájọ́ rí ìdí láti gbà pé ìpalára ńlá ń bá ọmọ náà tàbí pé ó lè bá a. Abala 20 ni ẹ̀kẹrin, òun nìkan ló sì ṣí sílẹ̀ gbayawu: kò sí adájọ́ níbẹ̀, kò sì sí iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ pin.

Ọ̀pọ̀ òbí wa máa ń sá fún kóòtù bí ẹni sá fún iná, wọ́n á ní "àwa ò fẹ́ ẹjọ́". Bẹ́ẹ̀ bí ẹjọ́ bá dé kóòtù lábẹ́ abala 31, níbi tí káńsù ti ń tọrọ àṣẹ láti gba ọmọ, ọmọ á ní alágbàwí tirẹ̀ láti Cafcass, iléeṣẹ́ ìjọba tí kì í ṣe ti káńsù, á sì ní lọ́yà tirẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá àti ìyá á ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn láìwo iye tó ń wọlé fún wọn. Òfin ọdún 2014 sì ní kí ẹjọ́ náà parí láàárín ọ̀sẹ̀ 26, àfi bí adájọ́ bá rí ìdí pàtàkì láti sún un síwájú. Ọmọ tó wà lábẹ́ abala 20 kò ní èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Ó lè wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ kan fún ọdún kan, kí wọ́n gbé e lọ sí òmíràn, kí adájọ́ kankan má sì sọ bóyá lóòótọ́ ni wọ́n lù ú. Bí wọ́n bá lù ú, kò sí àkọsílẹ̀ adájọ́ kankan tó máa dáàbò bò ó lọ́la. Bí wọn kò bá lù ú, kò sí ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Mi ò sọ pé abala 20 burú. Ìyá tó ń ṣàìsàn, tó fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, tí kò ní mọ̀lẹ́bí kankan nítòsí, abala yẹn ni yóò gbà á. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kí wọ́n gbé e lé ẹni tí kò sí ní ipò tí í fi ń ronú lọ́wọ́. Ní 2012, Adájọ́ Hedley dá ẹjọ́ kan tó wá láti Coventry: wọ́n gba ìfọwọ́sí lẹ́nu ìyá kan tí ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gbé nǹkan, lọ́jọ́ tó bímọ gan-an, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí oògùn ìrora ṣì wà lára rẹ̀. Adájọ́ náà ní kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ wádìí bóyá òbí lágbára láti ronú lórí ọ̀rọ̀ náà, bóyá ó mọ ohun tó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, bóyá ó mọ̀ pé òun lè yí ohùn padà, àti bóyá ọmọ ní láti kúrò nílé lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Èyí tó kan àwa gbọngbọn jáde ní 2015. Nínú ẹjọ́ àwọn òbí kan tó wá láti Hungary, Adájọ́ Munby ní bí òbí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kí wọ́n túmọ̀ ìwé àdéhùn náà sí èdè rẹ̀, kí ó buwọ́ lu èyí tó wà ní èdè rẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti kà á, òun sì fara mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ tó dára nìyẹn, kì í ṣe òfin tó pọn dandan, àmọ́ òbí lè bèèrè rẹ̀. Bí mo bá jẹ́ ògbufọ̀ ni, "mo gbà" kọ́ ni màá kọ síbẹ̀. Màá kọ pé: "Mo fi ọmọ mi sọ́dọ̀ káńsù fúngbà díẹ̀. Mo mọ̀ pé mo lè ní kí wọ́n dá a padà nígbàkigbà. Mi ò jẹ́wọ́ ẹ̀sùn kankan." Màá kọ ọjọ́ tí wọ́n máa tún un gbé yẹ̀ wò, àti iye ìgbà tí ìyá máa rí ọmọ rẹ̀ lọ́sẹ̀. Tí ọjọ́ bá dé tí òbí fẹ́ kó ọmọ rẹ̀, kí lẹ́tà náà sọ ọ́ tààrà: mo takò ó, ẹ dá ọmọ mi padà lónìí. Káńsù tó bá rò pé ewu wà níbẹ̀ á gba kóòtù lọ. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà.

## Ọmọ tó dúró ṣánṣán

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ bọ̀ lè dùn mọ́ òbí nínú. Mo fẹ́ kí òbí kan náà ka èyí pẹ̀lú.

Victoria Climbié ọmọ Côte d'Ivoire kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2000. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò ka ojú ọgbẹ́ àti àpá 128 lára rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ló fi í lé àǹtí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó lọ kàwé nílẹ̀ òyìnbó, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ láti kékeré: ẹ mú un dání, kó lọ rí ayé. Àǹtí náà àti ọkùnrin tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ló pa á. Káńsù mẹ́rin, ọlọ́pàá àti ilé ìwòsàn méjì ló kàn án láàárín oṣù díẹ̀, kò sì sí èyí tó gbà á.

Lord Laming ṣe ìwádìí rẹ̀, ìròyìn náà jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2003 pẹ̀lú ìdámọ̀ràn 108. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun kan wà tí mo rò pé gbogbo Yorùbá tó wà lókè òkun ní láti mọ̀. Wọ́n rí i pé bí àǹtí rẹ̀ bá ti wọlé, ọmọ náà á dúró ṣánṣán bí ṣọ́jà. Àwọn kan tó yẹ kó dáàbò bò ó ro èyí sí ẹ̀kọ́ ilé: bí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ṣe máa ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nìyẹn. Ìpayà ni. Dókítà kan ní àrùn awọ tó ń yún ni ló wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé "àṣà wa ni" láti lé òṣìṣẹ́ káńsù sẹ́yìn, kí ó rántí ọmọ yẹn. Àṣà wa mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ àti ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá àgbà tó wà lábúlé á rí ìyàtọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ti òkèèrè wá lè má rí i, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀ lóun nìkan, ní èdè tí ọmọ gbọ́ jù, láìsí àgbà nítòsí. Agbẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ọmọ náà wà lára àwọn tí a gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹjọ́ wọn.

Ìdàkejì náà ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1987, ní Cleveland ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn dókítà méjì gbẹ́kẹ̀ lé àmì kan lára ọmọdé, wọ́n sì sọ láàárín oṣù díẹ̀ pé àgbà ti bá ọmọ 121 ṣe ìṣekúṣe. Púpọ̀ nínú wọn ló padà sílé lẹ́yìn ọ̀rẹyìn. Òfin 1989 tí a ń lò lónìí mú ẹ̀kọ́ Cleveland dání, ìdí sì nìyẹn tó fi ka ọjọ́ àti wákàtí bí ẹni ka owó.

## Àpá, ahọ́n àti "pẹ̀lẹ́"

Òfin tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí nínà ọmọ wà ní abala 58 Òfin Ọmọdé ọdún 2004. Bí ara ọmọ bá kàn pọ́n díẹ̀ tó sì parẹ́, òbí ṣì lè sọ pé ìbáwí tó mọ níwọ̀n ni. Bí ó bá bó, tó wú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dì sábẹ́ awọ, àwáwí yẹn ti tán. Ní Scotland láti oṣù Kọkànlá 2020 àti ní Wales láti oṣù Kẹta 2022, kò sí àwáwí kankan mọ́, bó ti wù kó kéré mọ. Nílé, abala 295 ìwé òfin ọ̀daràn ti gúúsù Nàìjíríà gba òbí láyè láti fi ìyà tọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Inú òfin yẹn ni púpọ̀ nínú àwọn òbí wa dàgbà sí, pàṣán sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó yẹ ká sọ fún wọn kí ilé-ìwé tó sọ fún wọn.

Dókítà tó ń yẹ ọmọ wò mọ ohun tó ń wá. Orúnkún, ojúgun àti iwájú orí ni ọmọ tó ń sáré kiri ti máa ń fara pa. Etí, ọrùn, ẹ̀yìn, ikùn àti ìdí kì í ṣe ibi tí ọmọ máa ń fi ṣubú. Pàṣán àti wáyà máa ń fi ìlà méjì sílẹ̀ tó tẹ̀ lé ara wọn gbọọrọ, tí àárín wọn á funfun díẹ̀. Ọmọ tí kò tíì lè rá, tí ẹ̀jẹ̀ dì sí i lára, àfi kí òbí ní àlàyé tó dájú. Kò sì sí dókítà tó lè fi àwọ̀ ojú ọgbẹ́ nìkan sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀; bí ẹnì kan bá sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìròyìn, kí lọ́yà bi í léèrè.

Lára ọmọ aláwọ̀ dúdú, àṣìṣe máa ń lọ sọ́tùn-ún, ó máa ń lọ sósì. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lè má hàn, kí wọ́n sì fojú fò ó. Àmì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n bí mọ́ ọmọ ní ìdí tàbí ẹ̀yìn lè dà bí ojú ẹgba. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé pupa ọmọ náà, ìyẹn ìwé ìlera rẹ̀, látìgbà tí wọ́n bá bí i. Bí wọn kò bá kọ ọ́, kí wọ́n tún yẹ ọmọ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì: ojú ẹgba á ti yí padà, àmì ìbí á ṣì wà bó ṣe wà. Kí òbí sọ̀rọ̀ gbẹ́rẹ́ pẹ̀lú kí dókítà tó bèèrè, kó sọ ibi tí wọ́n ti sín in àti ìgbà tí wọ́n sín in. Sísín in ní Ìlú Ọba ọ̀ràn ni. Ní 1974, kóòtù kan ní Lọ́ńdọ̀nù dá ìyá Yorùbá kan lẹ́bi nítorí ó kọ ilà sójú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì. Adájọ́ náà kò fìyà kankan jẹ ẹ́, àmọ́ ó jẹ́ kó yé gbogbo èèyàn pé ohun tí òfin kọ̀ ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ìdájọ́ yẹn títí dòní: ó dáàbò bo ojú àwọn ọmọ, kò sì fọ́ ilé wọn.

Ahọ́n ló ń kó ọ̀pọ̀ òbí sí wàhálà tí kò yẹ. "Mo bá a wí" ni ìyá sọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ní lọ́kàn, ògbufọ̀ sì tú u pé ó nà án. Ẹlòmíràn ní "mo lù ú" tó sì jẹ́ pé ó fi ọwọ́ gbá a létí lẹ́ẹ̀kan. Kí ògbufọ̀ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀: kí ni ẹ fi ṣe é, níbo lára rẹ̀, ìgbà mélòó? "Pẹ̀lẹ́" tún wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá ṣubú, à ń kí i pẹ̀lẹ́, bí kò tilẹ̀ kàn wá. Ìyá tó di ojú ọgbẹ́ ọmọ rẹ̀ mú, tó ń sunkún pé "sorry, sorry" níwájú nọ́ọ̀sì òyìnbó, ìkẹ́dùn ló ń ṣe. Ohun tí nọ́ọ̀sì gbọ́ ni ẹni tó ń tọrọ àforíjì ohun tó ṣe.

## "Àbúrò mi" níwájú òfin

Èyí ò gùn. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá máa gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ ọn fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ní kí wọ́n sọ fún káńsù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, láàárín wákàtí 48. Ìyá àgbà, bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ náà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí rẹ̀, àti ọkọ tàbí aya òbí rẹ̀ nìkan ni òfin kà sí mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ ọn. Àwa ń pe ọmọ ìyá kan náà ní àbúrò, à ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní àbúrò, à ń pe ẹni tí a jọ wá láti ìlú kan ní àbúrò. Òfin á bèèrè pé: ta ló bí ta? Àǹtí bàbá Victoria kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa: ní ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń wá sí Ìlú Ọba ní 1960 sókè, Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó ń gbowó tọ́jú ọmọ, kí àwọn òbí lè ráyè kàwé.

## Ìpàdé ẹbí

Ojú méjì ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí ni ìpàdé ẹbí tí káńsù lè pè kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù. Láti New Zealand ló ti wá, lọ́dọ̀ àwọn Māori, òfin ibẹ̀ gbé e kalẹ̀ ní 1989. Òṣìṣẹ́ á ṣàlàyé ohun tó ń bà á lẹ́rù, lẹ́yìn náà á jáde kúrò nínú yàrá, ẹbí á sì jókòó láàárín ara wọn láti gbé ètò kalẹ̀: ta ló máa mú ọmọ sọ́dọ̀, ta ló máa wà níbẹ̀ tí bàbá bá wá kí i. Ta ni kò mọ̀ pé ìpàdé ẹbí tiwa nìyẹn?

Àmọ́ ọjọ́ ń lọ. Bí lẹ́tà tó ń kìlọ̀ ẹjọ́ bá ti dé, èyí tó máa ń fún òbí ní lọ́yà ọ̀fẹ́, kí wọ́n kọ orúkọ ẹbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí wọ́n má fi ìtìjú pa á mọ́ títí di oṣù kẹrin ẹjọ́ náà. Káńsù lè fọwọ́ sí ẹbí fúngbà díẹ̀, ọ̀sẹ̀ 16, kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò tán. Lẹ́yìn ìyẹn, adájọ́ lè sọ ọ́ di alágbàtọ́ pàtàkì títí ọmọ á fi pé ọdún 18, orúkọ òbí ò sì ní parẹ́ lára ọmọ bíi ti ìgbàṣọmọ.

Ibi tí ẹbí Yorùbá ti sábà máa ń kọsẹ̀ ni ìbéèrè kan tí òṣìṣẹ́ máa bi ìyá àgbà: ṣé ẹ gbà pé ó ṣẹlẹ̀? Adájọ́ ti wo ẹ̀rí, ó ti rí i pé ó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ ju kó má ṣẹlẹ̀ lọ, ó sì ti di òótọ́ nínú ẹjọ́ náà. Kò sí àárín gbùngbùn níbẹ̀. Àgbàlagbà wa kì í fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ dá ọmọ tó bí lẹ́bi níwájú àlejò, nítorí náà á ní, "Ọlọ́run ló mọ̀." Òṣìṣẹ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá yìí kò ní lè dáàbò bo ọmọ. Ọmọ tó ní ìyá àgbà á sì lọ sọ́dọ̀ àjèjì nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ìyá náà. Ó lè sọ pé: "Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti gbọ́ ohun tí adájọ́ rí, mi ò ní bá a jiyàn. Ọmọ mi ò ní dá wà pẹ̀lú ọmọ yìí nínú ilé mi, bó bá sì kan ilẹ̀kùn láàjìn, mi ò ní ṣí i, ẹ̀yin ni n ó pè." Ògbufọ̀ tó mọṣẹ́ á tú u ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, títí dé orí ilẹ̀kùn náà.